Ẹyẹ Tó Bà Sára Ògiri: Ìyá Alábẹ́rẹ́ Dá Yín Lóhùn

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ẹyẹ ni yóò fò jáde. Aṣọ ara ògiri tí wọ́n fi òwú kọ ẹyẹ sí ti gba gbogbo ilé. Ẹni tó bá ti lọ rajà ní Guangzhou ní Ṣáínà dé, ẹ tú ẹrù rẹ̀ wò, ọ̀kan á wà níbẹ̀. Mo mú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkíni nìkan ń gba odindi ojú ewé lọ́wọ́ àwa ọmọ Yorùbá.

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò ọkọ mi tó ń nájà ní Ṣáínà ló fún wa ní aṣọ ara ògiri kan nígbà ìgbéyàwó wa. Ẹyẹ funfun méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn gùn, ọrùn wọn dúdú, àtàrí wọn pupa, wọ́n dúró lábẹ́ igi kan. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ọkọ mi rí i, wọ́n ní kí n gbé e kúrò níwájú àwọn, pé ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ẹlẹ́yẹ wálé, áńbọ̀sì ìyàwó tí kò tíì bímọ. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Aṣọ náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí. Kí ni kí n ṣe? (Ìyàwó Ilé, Kétu)

Aya wa, ohun tó ba ìyá ọkọ rẹ lẹ́rù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. Kétu ni wọ́n dàgbà sí. Ẹni tó bá ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré, tó ń rí ẹyẹ tó ń bá ejò wọ̀yá ìjà lórí igi tí wọ́n gbẹ́, mọ àwọn tí wọ́n ń fi ijó yẹn bẹ̀. Lọ́dún 2001 ni UNESCO kọ́kọ́ kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn lọ́dún 2008. Kí UNESCO tó gbọ́ rárá, àwọn ìyá Kétu ti mọ̀ pé a kì í fi ẹyẹ ṣeré. Nítorí náà má bá wọn jiyàn, má sì sọ fún wọn pé ayé ti lajú.

Ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí a wá wò. Bí o ṣe júwe rẹ̀ yìí, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní grue ni, irú tó ń gbé ìhà Ṣáínà, Jàpáànù àti Rọ́ṣíà. Ẹ̀mí gígùn ni àwọn ará Ṣáínà fi í ṣe àmì rẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé ó ń lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ẹni àìkú ń jókòó sí tí wọ́n bá ń lọ sọ́run. Wá wo igi tó wà lórí wọn dáadáa. Bí ewé rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó rí ṣóńṣó, igi páìnì ni, igi tí òtútù kì í mú wọ́wé. Ẹyẹ yẹn pẹ̀lú igi yẹn, ìwúre ni wọ́n jọ ń ṣe: kí ẹ gbó, kí ẹ tọ́. Àgbàlagbà tó ń ṣọjọ́ ìbí gan-an ni wọ́n máa ń fún. Bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ka ẹyẹ orí aṣọ nìyẹn. Wọn kì í ka ẹyẹ lóun nìkan, ẹni tó bá a rìn ni wọ́n ń wò: igi wo ló bà lé, òdòdó wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣé òun nìkan ni àbí òun àti ìkejì rẹ̀.

Ẹyẹ yìí kan náà ti jẹ oyè rí. Láti ọdún 1391, lábẹ́ àwọn ọba Ming, ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí àwọn ìjòyè máa rán aṣọ ọlọ́nà onígun mẹ́rin mọ́ àyà àti ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn, kí gbogbo ayé lè mọ ipò ẹni. Ẹranko ni ti àwọn ológun. Ẹyẹ ni ti àwọn tó ń fi ìwé àti gègé ṣèjọba. Ìpele mẹ́sàn-án ni, olórí-pupa tìrẹ yìí ló sì wà ní ìpele kìn-ín-ní. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ìpele kẹsàn-án nígbà àwọn ọba Qing, àwọn tí ìjọba wọn parí ní 1912. Ẹyẹ kékeré onírù gígùn kan ni, ìbátan ọ̀kín inú igbó tiwa. Ọ̀kín tí àwa ń kì ní ọba ẹyẹ, ìjòyè tó kéré jù ló ń gbé e sáyà lọ́dọ̀ tiwọn!

Báyìí ni kí o ṣe. Kọ́kọ́ gbé e kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí òwú tí a ṣẹ́ po máa ń dápàá, ojú ibẹ̀ kì í padà sípò mọ́. Wá páálí róbótó, irú èyí tí wọ́n ń yí aṣọ mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, fi aṣọ òwú funfun tó mọ́ bò ó, kí o yí i mọ́ ọn, kí ojú ọnà wà níta. Lọ́jọ́ tí ara ìyá ọkọ rẹ bá yá, gbé e lọ bá wọn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Má sọ pé, “Màmá, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó.” Sọ pé, “Ìyá wa, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní ìwúre àrùgbó ni àwọn tó ṣe é ń ṣe. Ẹ̀yin ló wù mí kó kọ́kọ́ wà fún.” Kí o wá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà. Àwọn fúnra wọn mọ̀ jù mí lọ pé ẹyẹ ń bà sórí adé ìlẹ̀kẹ̀ ọba, pé ẹyẹ ló wà lórí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, pé orí adé àti orí ọ̀pá kì í ṣe ibi tí a ń gbé ohun búburú sí. Jẹ́ kó ti ẹnu wọn jáde.

Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, àwọn ló nilé. Tọ́jú rẹ̀ títí ẹ ó fi kó lọ sílé tiyín. Ọkọ tí kò sọ nǹkan kan yẹn, èmi náà ò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ará Ṣáínà kan ní iléeṣẹ́ ṣúgà ìlú wa níbí fún mi ní aṣọ pupa kan. Ẹyẹ méjì bà lé ẹ̀ka igi olódòdó lórí rẹ̀, dúdú pẹ̀lú funfun, ìrù wọn gùn. Àwọn ọmọ mi ní kannakánná ni. Ta ló ń gbé kannakánná kọ́ ògiri? (Bàbá Ìbejì, Ṣábẹ̀)

Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ o, ojú wọn mú. Ẹbí kan náà ni ẹyẹ yẹn àti kannakánná. Pie ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó fún yín, ìròyìn ayọ̀ ló ń gbé kiri. Bó bá ké nítòsí ilé, wọ́n á ní àlejò rere ń bọ̀. Bó bá wá jẹ́ méjì, ayọ̀ di ìlọ́po méjì nìyẹn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rán an sí nǹkan ìgbéyàwó. Aṣọ pupa tó wà lórí rẹ̀ náà, àwọ̀ ayọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn yín ni.

Àwa oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìdí tiwa tí a fi fẹ́ràn ẹyẹ yìí. Ìtàn Ṣáínà kan sọ pé ọmọbìnrin ahunṣọ ọ̀run fẹ́ darandaran kan láyé, inú wá bí àwọn ará ọ̀run, wọ́n fi odò ìràwọ̀ la tọkọtaya náà láàárín. Ní ọjọ́ keje oṣù keje, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ka oṣù, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí á kó ara wọn jọ, wọ́n á fi ẹ̀yìn wọn ṣe afárá kí àwọn méjèèjì lè rí ara wọn. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọbìnrin máa ń tọrọ ọwọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ahunṣọ náà, tí wọ́n á máa fi òwú wọnú abẹ́rẹ́ lábẹ́ òṣùpá. Ẹ gbé e kọ́, Bàbá Ìbejì. Bí aládùúgbò bá ní kannakánná ni, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Mo kí yín, Ìyá mi. Iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń kọ́ ní Ouando. Oníbàárà kan fẹ́ kí n fi òwú kọ ẹyẹ sí aṣọ ara ògiri fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ní kó rẹwà bíi ti Ṣáínà ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹyẹ tiwa, kó sì ní ìtumọ̀ rere. Ẹyẹ wo ni kí n yàn? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ ṣe ìyẹ́ rẹ̀ tí kò fi ní rí jágbajàgba? (Ọmọ Iṣẹ́, Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, oníbàárà rẹ gbọ́n. Irú lẹ́tà yìí ni mo máa ń wá.

Ẹyẹ tiwa pọ̀, ẹnu àwọn àgbà ni kí o ti lọ kó wọn. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ṣé o rí i? Ẹyẹ mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta, ìwúre kan ṣoṣo: kí tọkọtaya má ráhùn ohun tó jẹ́ tiwọn. Àwọn ará Ṣáínà ń wo ẹni tó bá ẹyẹ rìn kí wọ́n tó mọ ohun tó ń wí. Tiwa, àwọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí o bá fi òwú aláró kọ agbe, tí o fi pupa olósùn kọ àlùkò, tí o fi funfun kọ lékeléke, bàbá ìyàwó á ti máa wúre kó tó ríbi jókòó sí. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń túmọ̀ nǹkan fún un.

Bí àyè aṣọ kò bá gba mẹ́ta, ẹyẹlé méjì. Tọ̀tún tòsì lẹyẹlé fi ń kó ire wọlé, nítorí náà jẹ́ kí ìyẹ́ apá méjèèjì là, má ká a mọ́ra. Àwọn kan á ní kí o ṣe àwọn pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ mèremère tí àwọn ará Ṣáínà ń kọ sórí aṣọ ìbùsùn ọkọ àti ìyàwó, akọ kan abo kan láàárín òdòdó omi. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ ní akọ pẹ́pẹ́yẹ yẹn máa ń fi abo sílẹ̀ lórí ẹyin, á bá tirẹ̀ lọ. Akọ ẹyẹlé ń bá aya rẹ̀ sàba. Èwo nínú méjèèjì ni ìwọ á mú fún ọmọ rẹ?

Má sì gbìyànjú láti kó gbogbo ẹyẹ inú igbó jọ. Àwọn oníṣẹ́ Guangdong ní Ṣáínà fẹ́ràn àwòrán kan tí ọgọ́rùn-ún ẹyẹ ń wá júbà ọba wọn, ẹyẹ àràmàǹdà tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí rí. Agboolé oníṣẹ́ ló ń ṣe irú ìyẹn. Ìwọ nìkan ni, ọjọ́ ìgbéyàwó ò sì ní dúró dè ọ́.

Ó wá ku ìyẹ́, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Fa aṣọ le nínú tambour rẹ, férémù róbótó tó ń di aṣọ mú, títí yóò fi dún tí o bá fi ìka ta á. Òwú mouliné DMC tó wà lọ́jà, fọ́nrán mẹ́fà ló lọ́ pọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣiṣẹ́ ẹyẹ láéláé. Yọ ọ̀kan fún orí àti ọrùn, yọ méjì fún apá. Àwọn obìnrin Suzhou ní Ṣáínà, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, ń la fọ́nrán sẹ́dà kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń kọ ọnà tí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba, tí o kò ní mọ ibi tí wọ́n so òwú sí.

Ìdí ìrù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa bọ̀ sí orí, bí ẹni ń fi koríko bo òrùlé: èyí tó wà lókè ló ń bo gbòǹgbò èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí o bá ti orí bẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ á dojú kọ ẹ̀yìn, ẹyẹ rẹ á rí bí èyí tí ìjì lù. Abẹ́rẹ́ gígùn kan, abẹ́rẹ́ kúkúrú kan, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe ìlà kìn-ín-ní. Ní ìlà kejì, kí abẹ́rẹ́ rẹ gún àárín òwú ìlà àkọ́kọ́ gan-an, kó là á sí méjì. Ibẹ̀ ni àwọ̀ kan á ti yọ́ wọnú èkejì. Passé empiétant ni àwọn màsẹ̀rì ìjọ Àgùdà tó kọ́ mi níbí ní Àjàṣẹ́ ń pè é. Ọ̀kan nínú wọn kì í wo ojú iṣẹ́ wa rárá. Bí o bá gbé e fún un, á yí i dojú dé, ẹ̀yìn ni á fi máàkì sí.

Lékeléke á fẹ́ dà ọ́ láàmú. Funfun lásán lórí aṣọ funfun, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Lo aṣọ tí wọ́n rẹ láró, kí o fi òwú aláwọ̀ eérú díẹ̀ sábẹ́ apá rẹ̀, kí o fi òwú tó pupa rẹ́súrẹ́sú ṣe ibi tí àyà ti pàdé ikùn. Ojú ni kí o ṣe gbẹ̀yìn: dúdú róbótó, abẹ́rẹ́ funfun ẹyọ kan ní igun òkè. Ẹyọ kan yẹn ló ń jí ẹyẹ.

Ní ti owó, má ka òwú nìkan fún oníbàárà. Ka jíjókòó rẹ mọ́ ọn.

Ìyá, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n mi ra aṣọ ara ògiri ní Abomey: ẹyẹ pupa, ẹfọ̀n, kìnnìún, ẹja ńlá eléyín. Ó fẹ́ gbé e kọ́ sílé bàbá wa ní Kétu, àwọn àgbà fárígá. Ṣé ẹyẹ pupa yẹn burú ni? (Àbúrò, Kétu)

Ẹyẹ yẹn ò ṣe ẹnikẹ́ni. Ti Gezo ni, ọba Dàhòmì ní Abomey, tó jọba láti 1818 di 1858. Òwe tí wọ́n fi ń ti ẹyẹ náà lẹ́yìn ni pé pupa ẹyẹ pupa kì í jó igbó. Kì í tilẹ̀ ṣe òwú ni wọ́n fi kọ ọ́. Aṣọ ni wọ́n ń gé ní àwòrán, tí wọ́n ń rán mọ́ aṣọ, iṣẹ́ tí ìdílé Yémadjè ti ń ṣe fún àwọn ọba Dàhòmì láti ayébáyé.

Kìnnìún ni ọ̀ràn wà. Ọba Glèlè, tó jẹ lẹ́yìn Gezo, ló ni ín, ìgbà Glèlè ni ogun Dàhòmì sì pa Kétu run, ní 1886. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá fẹ́ gbé kìnnìún yẹn kọ́ sílé bàbá yín, kí àwọn àgbà máa wò ó tí wọ́n bá ń jẹun? Kó gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Kùtọnù. Iṣẹ́ ọnà gidi ni, kó má sọ ọ́ nù.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Etí ọ̀sà ni ilé mi wà. Mo ra aṣọ ẹyẹ kan, ẹni tó tà á ní ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, sẹ́dà sì ni. Ó ti ń yọ àmì dúdú kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀. Ṣé kí n fi omi jafẹ́ẹ̀lì tó ń sọ aṣọ di funfun fọ̀ ọ́? (Ìyá Ọlọ́jà, Àjàṣẹ́)

Ẹ dúró! Ẹ gbé jafẹ́ẹ̀lì yẹn jìnnà. Bó bá jẹ́ sẹ́dà lóòótọ́, jafẹ́ẹ̀lì á jẹ ẹ́ tán ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yí i dojú dé. Bí ẹ bá rí òwú funfun kan náà káàkiri ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀, ẹ̀rọ ló ṣe é. Tọwọ́, àwọ̀ tó wà lójú náà lẹ máa rí lẹ́yìn, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti so òwú tàbí tí wọ́n fi òwú fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Fún sẹ́dà, ẹ já fọ́nrán kan níbi tí kò hàn, kí ẹ fi iná ràn án. Sẹ́dà gidi, bíi sányán tiwa, ara kòkòrò ló ti wá: á rùn bí irun tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ayédèrú á yọ́, á di kókó líle. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àti ayédèrú, ẹ má bínú jù; bí ẹyẹ bá ṣì wù yín, ẹyẹ náà ni. Owó tí ẹ san nìkan ló yẹ kó dùn yín.

Àmì dúdú yẹn, ẹbu ni. Ògiri yín ń mu omi láti ìsàlẹ̀, bíi gbogbo ilé etí ọ̀sà wa níbí. Ẹ sọ aṣọ náà kalẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn, títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ẹbu náà kúrò jẹ́jẹ́ níta, kí ẹ fi aṣọ bo imú. Omi kankan ò gbọdọ̀ kàn án kí ẹ tó dán àwọ̀ rẹ̀ wò: ẹ fi aṣọ funfun tó lọ́rinrin tẹ ẹ̀yìn òwú pupa, nítorí pupa ló máa ń kọ́kọ́ sá. Bí pupa bá gba ara aṣọ funfun náà, ẹ ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e padà, ẹ wá ògiri àárín ilé, kì í ṣe èyí tó kọjú sí ọ̀sà, kí oòrùn ojú fèrèsé má sì máa kàn án. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá fẹ́ fi gíláàsì sí i, ẹ ní kó fi páálí là wọ́n láàárín kí gíláàsì má fara kan òwú, kó sì kan igi pẹlẹbẹ kékeré mẹ́rin sẹ́yìn férémù kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Kó má fi ìṣó lásán gún aṣọ. Ìpẹtà á tún fi àmì mìíràn kún èyí tí ẹ ń sunkún lé lórí. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbá eruku rẹ̀.

Bí ẹbu bá sì ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá àtúnṣe, ẹ gé ẹyẹ òkè tó ṣì mọ́, ẹ rán an mọ́ ojú ìrọ̀rí. Ẹ rán an mọ́ ọn káàkiri etí, kí ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.